Tíṣà ń rí i, òbí ń gbé e: ibi tí ìrànlọ́wọ́ fún ọkàn ọmọ iléèwé ti ń já

Fóònù iléèwé máa ń já òbí láyà. Tí nọ́ńbà yẹn bá ti yọ lójú fóònù laago mọ́kànlá àárọ̀, nǹkan tó máa kọ́kọ́ sọ síni lọ́kàn ni pé ọmọ ṣubú, àbí ó bá ẹnì kan jà, àbí ara ẹ̀ ló gbóná. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá sọ pé, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá ká jọ sọ̀rọ̀, ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tọ́mọ yín ò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ní kíláàsì, ó kàn ń jókòó ni, lánàá a bá a níbi tó ti ń sunkún nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì," àyà yẹn á já lọ́nà míì pátápátá, torí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ egbò tí wọ́n á fi báńdéèjì wé nìyẹn. Òbí míì á bínú sí tíṣà. Òmíì á dojú ìbínú kọ ọmọ. Òmíì á ní rárá, ọmọ tòun kọ́ nìyẹn, nílé ó ń jẹun, ó ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ tún un wò. Tí ìpè yẹn bá wá parí báyẹn, ṣe lọmọ á kó gbogbo ẹ̀ padà sínú, á sì kọ́ bó ṣe máa fi pa mọ́ dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí mo fẹ́ ká wò lónìí nìyẹn. Gbogbo ayé ló ń pariwo pé kí wọ́n gba dókítà ọpọlọ sí i, kí wọ́n gba kánsẹ́lọ̀, ìyẹn agbaninímọ̀ràn iléèwé, sí i, òótọ́ sì ni, wọn ò tó rárá. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń jábọ́, kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ò rí wọn. Ẹnì kan rí wọn. Tíṣà rí i, ọ̀rẹ́ ẹ̀ rí i, ìyá ẹ̀ náà fura, ọ̀rọ̀ yẹn kàn jábọ́ láàárín bí wọ́n ṣe ń gbé e látọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹnì kejì ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ bó ṣe tóbi tó ná. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, sọ pé nínú ọmọ méje tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ìlera ọpọlọ. Tẹ́ẹ bá mú kíláàsì tó ní ọmọ 35, ọmọ márùn-ún nìyẹn. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2005 náà fi hàn pé nínú àìsàn ọpọlọ tó ń ṣe àwọn èèyàn, ìdajì ẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tónítọ̀hún máa fi pé ọdún 14, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin sì ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tó máa fi pé 24. Ẹ ro ìyẹn wò dáadáa. Ó túmọ̀ sí pé yunifọ́ọ̀mù iléèwé ló wà lọ́rùn ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́jọ́ tí nǹkan yẹn kọ́kọ́ wọlé sí wọn lára, tó bá sì jẹ́ pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ẹ̀ ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé iwájú dókítà, gbogbo ọdún mẹ́wàá yẹn ni wọ́n fi dá a rù.

Orúkọ tí à ń pè é náà wà lára wàhálà wa. Téèyàn bá ti pe "ìlera ọpọlọ" létí òbí, wèrè ló ń gbọ́, ojú ẹ̀ á sì yí padà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n so orúkọ yẹn mọ́ ọmọ òun. Mo ti rí i pé tí tíṣà bá sọ pé "ọkàn ẹ̀ wúwo" tàbí "inú ẹ̀ ò dùn látọjọ́ yìí, kò sì lọ", òbí á jókòó, á gbọ́ ọ dópin. Torí ohun tí à ń sọ gan-an, ìrẹ̀wẹ̀sì tí kò lọ ni, àníyàn tí kì í jẹ́ kọ́mọ lè mí dáadáa tí ìdánwò bá ń bọ̀, ìbẹ̀rù tí kì í jẹ́ kó lè wọ géètì iléèwé, ọmọ tó ń febi pa ara ẹ̀ torí pé ó gbà pé òun sanra jù, ọmọ tó ń fi nǹkan ya ara ẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ọmọ tí ẹni ẹ̀ kú tí kò sẹ́ni tó bá a sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní ìwòsàn, tí wọ́n bá sì tètè mú un, ìwòsàn yẹn máa ń yá.

Ohun kan wà tó máa ń tan òbí jẹ tí mo fẹ́ kẹ́ẹ fọkàn sí. Ìrẹ̀wẹ̀sì lára àgbàlagbà, ìbànújẹ́ ló sábà máa ń jọ. Lára ọmọ àti ọ̀dọ́, ìbínú ló lè jọ. Ọmọ tó ń jágbe mọ́ gbogbo èèyàn, tó ń ti ilẹ̀kùn gbà-à, tí nǹkan kékeré ń bí nínú, àwa á sọ pé ó ti ń ya ìpáǹle, pé ẹgbẹ́ tó ń kó ló kó o bá, a ó sì kó ìyà fún un lórí ohun tó jẹ́ àìsàn. Òmíì, inú rírun ni àti orí fífọ́, àràárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nìkan, tó bá di Sátidé kò ní rí i mọ́, àwọn èèyàn á ní irọ́ ló ń pa. Kì í parọ́ o. Inú yẹn ń run ún lóòótọ́, àníyàn ló ń fà á. Ohun tó yẹ kéèyàn máa wò ni àyípadà: ọmọ tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù tí ò wá bìkítà mọ́, tí oorun ẹ̀ yí padà, tí oúnjẹ ẹ̀ yí padà, tí máàkì ẹ̀ lọ sílẹ̀ lójijì, tó sì ti ń lọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìbànújẹ́ ọjọ́ méjì torí pé òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ jà, ìyẹn kì í ṣe àìsàn, ẹ má gbé ọmọ sáré lọ ọsibítù lórí ìyẹn.

Kí ló dé tí gbogbo èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń sọ ọ́ báyìí

Ó ti wà tipẹ́. Àmọ́ Kòrónà ló ṣí i sílẹ̀. Lọ́dún 2020, UNESCO, àjọ ètò ẹ̀kọ́ ti Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé, sọ pé àwọn ọmọ iléèwé tó lé ní bílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ni wọ́n ti iléèwé mọ́ lójú kárí ayé, ìgbà yẹn làwọn kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí i pé iléèwé kì í ṣe ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìṣirò nìkan, ibẹ̀ ni ọmọ míì ti ń rí àgbàlagbà kan ṣoṣo tó máa ń bi í pé ṣé o sùn dáadáa. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, ti àwọn dókítà ọpọlọ ọmọdé, àti ẹgbẹ́ àwọn ọsibítù ọmọdé ibẹ̀ jọ kéde pé ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ ọmọdé ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Lọ́dún yẹn kan náà, CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí dídènà àìsàn, bi àwọn ọmọ girama ibẹ̀ léèrè, ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún ló sọ pé àwọn ti wà nínú ìbànújẹ́ tàbí àìnírètí tí kò lọ bọ̀rọ̀, tó bá jẹ́ àwọn ọmọbìnrin nìkan ló jẹ́, ìdá 57 ni. Nígbà tí wọ́n tún bi wọ́n lọ́dún 2023 ó ti rọlẹ̀ díẹ̀, 40 lápapọ̀ àti 53 fún àwọn ọmọbìnrin, àmọ́ ṣé ìyẹn náà la máa pè ní ó ti dáa?

Tí ọ̀rọ̀ bá ti dé ibí, fóònù ni gbogbo èèyàn máa ń nawọ́ sí. Ọsirélíà tiẹ̀ ṣòfin ní oṣù kọkànlá ọdún 2024 pé kí àwọn ilé iṣẹ́ sósíà mídíà má gba ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 láàyè láti ní àkáǹtì, òfin yẹn sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹwàá oṣù kejìlá ọdún 2025. Mi ò ní sọ pé fóònù ò sí nínú ẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ń bú ní iléèwé látàárọ̀, tó délé tí èébú yẹn tún tẹ̀ lé e wọ yàrá títí di òru, ojú ọmọ yẹn rí nǹkan. Àmọ́ lójú tèmi, ohun tí fóònù ń jí gbé jù lára àwọn ọmọ yìí, oorun ni. Ọmọ ọdún 13 sí 18 nílò oorun wákàtí mẹ́jọ sí mẹ́wàá, ara wọn lásìkò bàlágà kì í sì í jẹ́ kí oorun tètè kùn wọ́n lálẹ́, kì í ṣe ọ̀lẹ, bí ara ṣe rí nìyẹn. Ìdí tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé Amẹ́ríkà ṣe sọ lọ́dún 2014 nìyẹn pé kí iléèwé girama má bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago mẹ́jọ ààbọ̀ àárọ̀. Èyí tó ṣeé ṣe nílé ò tiẹ̀ nílò òfin kankan: kí fóònù gbogbo ilé, ti bàbá àti ìyá náà o, máa sùn sí pálọ̀.

Kí ni iléèwé lè ṣe, kí ni kò lè ṣe

Tíṣà kì í ṣe dókítà, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọ́ di dókítà. Iṣẹ́ tíṣà ni pé kó rí i, kó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ béèrè, kó sì gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Ẹni tó kàn yẹn, kánsẹ́lọ̀ iléèwé ni ó yẹ kó jẹ́, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí ẹni tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá. Ẹgbẹ́ àwọn kánsẹ́lọ̀ iléèwé ní Amẹ́ríkà ní kí kánsẹ́lọ̀ kan máa bójú tó ọmọ 250, kò sì yẹ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn gan-an ò bá a dọ́gba lórílẹ̀-èdè wọn. Níbòmíì ńkọ́, níbi tó jẹ́ pé tíṣà kan tó ń kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ méjì ni wọ́n kó iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ lé lórí, tó jẹ́ òun náà ló ń kọ orúkọ àwọn tó pẹ́ lẹ́yìn, tó tún ń to àga ìdánwò? Ọmọ ò ní lọ sọ àṣírí fún ẹni tó fìyà jẹ ẹ́ láàárọ̀ yẹn. Mo rò pé ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí òbí béèrè fún ní ìpàdé òbí àti tíṣà nìyẹn, kó tó di kọ̀ǹpútà tuntun: ta ni àwọn ọmọ lè bá sọ̀rọ̀ nínú iléèwé yìí, àyè wo ló ní tí wọ́n lè jókòó sí tí etí kejì ò ní gbọ́, ṣé wọ́n sì yọ iṣẹ́ ìfìyàjẹni kúrò lọ́wọ́ ẹ̀?

Èyí tó wù mí jù láti sọ ni ohun tí àwọn ìwádìí ti fi hàn, torí kì í ṣe gbogbo ohun tó dùn létí ló ń ṣiṣẹ́. Ní Bìrìtìkó, wọ́n kó àwọn ọmọ tó lé ní 8,000, tí ọjọ́ orí wọn ò ju ọdún 11 sí 14 lọ, wọ́n ní kí tíṣà máa kọ́ àwọn kan nínú wọn bí wọ́n ṣe máa jókòó jẹ́jẹ́, kí wọ́n máa kíyè sí èémí àti èrò ọkàn wọn. Èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2022. Kò ṣe àwọn ọmọ yẹn lóore kankan ju ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò tiẹ̀ ṣe é nílé rárá. Kí nǹkan dára fún àgbàlagbà tó yàn án fúnra ẹ̀, ìyẹn ò ní kó ṣiṣẹ́ fún gbogbo kíláàsì tí wọ́n fi dandan kó sínú ẹ̀.

Ẹ wá wo òdìkejì ẹ̀. Wọ́n ṣe ìwádìí kan ní orílẹ̀-èdè mẹ́wàá nílẹ̀ Yúróòpù, iléèwé 168, ọmọ 11,110, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2015. Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n dán wò. Àkọ́kọ́, wọ́n dá àwọn tíṣà lẹ́kọ̀ọ́ kí wọ́n lè máa dá ọmọ tó wà nínú ewu mọ̀. Èkejì, wọ́n fún àwọn ọmọ ní fọ́ọ̀mù kọ, wọ́n sì ń pe àwọn tí èsì wọn ò dáa láti wá rí dókítà. Ẹ̀kẹta, wọ́n kó àwọn ọmọ fúnra wọn jọ, wọ́n ń fi eré ṣe àpẹẹrẹ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wọn, ìjà pẹ̀lú òbí, ọ̀rẹ́ tó ní òun fẹ́ kú, wọ́n sì jọ ń jíròrò ohun téèyàn lè ṣe. Lẹ́yìn ọdún kan, ẹ̀kẹta yẹn nìkan ló dín iye àwọn tó gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara wọn kù gidi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín in kù sí ìdajì tá a bá fi wé àwọn tí wọn ò rí ju pósítà ara ògiri lọ. Ẹ̀kọ́ tíṣà nìkan ò dá a ṣe. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọmọ ló ń kọ́kọ́ sọ fún ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀, tí ẹgbẹ́ ẹ̀ ò bá wá mọ ohun tó máa ṣe ju kó bá a pa á mọ́ lọ, ọ̀rọ̀ á bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ní Kẹ́ńyà náà, èsì ìwádìí kan jáde lọ́dún 2021, wọ́n mú ọmọ girama 413 tí ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn ti ń bá jà, àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama ni wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ láti máa bá wọn jókòó ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré, lọ́sẹ̀ mẹ́rin. Ara àwọn ọmọ yẹn yá ju ti àwọn tí wọ́n ń kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń kàwé lọ. Kò sí dókítà kan níbẹ̀. Mi ò ní ká má wá dókítà o, àmọ́ níbi tí dókítà ò ti tó, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì yẹn, tó mọ bó ṣe máa ń rí, lè gbé apá kan nínú ẹrù náà tí wọ́n bá kọ́ ọ dáadáa tí ẹni tó mọ iṣẹ́ sì ń wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ní Fínlándì, àwọn ará Yunifásítì Turku ṣe ètò kan lórí ìfòòró láàárín ọmọ iléèwé tí wọ́n ń pè ní KiVa, láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ń gbé e kiri iléèwé ibẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ń fòòró àti ẹni tí wọ́n ń fòòró nìkan ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, àwọn tó dúró tí wọ́n ń wò, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ni wọ́n dìídì ń kọ́. Torí tí kò bá sí ẹ̀rín, adùn ẹ̀ á lọ.

Ibi tó ti ń já

Ó yá, ká padà sórí fóònù àárọ̀ yẹn. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ọmọ ọdún 13 ni, tíṣà ti rí i, kánsẹ́lọ̀ ti bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ti wá kan òbí. Bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ fún òbí yẹn ló máa pinnu gbogbo ohun tó máa tẹ̀ lé e. Tí iléèwé bá pe òbí wá, tí èèyàn márùn-ún jókòó síwájú ẹ̀ nídìí tábìlì pẹ̀lú fáìlì, ara òbí yẹn á gbà pé ẹjọ́ ni wọ́n pe òun wá jẹ́. Á bẹ̀rẹ̀ sí í gbèjà ara ẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tó sún mọ́ ọmọ yẹn ni kó pè é, kó kọ́kọ́ sọ ohun tó dáa nípa ọmọ náà, kó sọ ohun tó fojú ara ẹ̀ rí láìfi orúkọ àìsàn kankan sí i, lẹ́yìn náà kó béèrè pé, "Ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ, kí lẹ̀yin ń rí nílé?" Ìbéèrè yẹn ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Òbí míì ti ń rí i láti oṣù mẹ́fà, ojú ló ń tì í.

Òbí náà ní ìbéèrè tó yẹ kó béèrè kó tó dìde níbẹ̀. Ta ni kí n máa pè, orúkọ ẹnì kan, kì í ṣe "ẹ pe ọ́fíìsì"? Ta ló máa kọ lẹ́tà sí dókítà, èmi ni tàbí ẹ̀yin? Ìgbà wo la tún máa sọ̀rọ̀? Tó bá jẹ́ pé "a ó máa pe yín" ni wọ́n fi tú ìpàdé ká, ẹ mọ̀ pé ibi tó ti ń já gan-an nìyẹn. Iléèwé á rò pé òbí ti gbé e lọ ọsibítù, òbí á rò pé iléèwé ń ṣe nǹkan sí i, ọsibítù á fi orúkọ ọmọ sórí ìlà àwọn tó ń dúró, ìdúró yẹn sì máa ń di oṣù mélòó kan ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, kódà láwọn ibi tó lówó.

Nǹkan míì tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ni àṣírí. Òbí á ní, ọmọ mi ni, kí ló dé tí kánsẹ́lọ̀ ò ní sọ gbogbo ohun tó sọ fún mi? Ó máa ń dunni, mo mọ̀. Àmọ́ tí ọmọ bá mọ̀ pé gbogbo ohun tóun bá sọ ló máa dé etí ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, kò ní sọ nǹkan kan. Bó ṣe máa ń rí níbi tó pọ̀ jù ni pé kánsẹ́lọ̀ á sọ fún ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn ò ní jáde, àfi tó bá kan ẹ̀mí ẹ̀, tó bá kan ẹ̀mí ẹlòmíì, tàbí tí ẹnì kan bá ń fìyà jẹ ẹ́. Èyí tó bá kù, ọmọ fúnra ẹ̀ ni wọ́n máa ń ràn lọ́wọ́ kó sọ fún òbí ẹ̀, nígbà míì kánsẹ́lọ̀ á jókòó sí àárín wọn lọ́jọ́ yẹn. Ẹ gbà á bẹ́ẹ̀. Ó sàn kó sọ fún ẹnì kan ju kó máà sọ fún ẹnikẹ́ni lọ.

Láàárín ìgbà tẹ́ẹ bá ń dúró de dókítà, ilé ni ọsibítù. Kò ní kẹ́ẹ di oníṣègùn. Ẹ jẹ́ kí ọjọ́ ní ìlànà, àkókò oorun, àkókò jíjẹun, kí ó máa rìn jáde síta díẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ sì máa ń jáde lẹ́nu ọmọ tí ẹ bá jọ ń ṣe nǹkan, tẹ́ẹ jọ ń fọ abọ́, tẹ́ẹ jọ wà nínú mọ́tò tí ojú yín ò ko ojú, ju kẹ́ẹ pè é wá jókòó síwájú yín lọ. Tó bá wá sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ tiyín dá a lóhùn. "Nígbà témi wà lọ́jọ́ orí rẹ, ìyà tó jẹ mí ju èyí lọ," gbólóhùn yẹn ti pa ẹnu ọ̀pọ̀ ọmọ dé. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rí lára ẹ? Látìgbà wo? Kí ló máa ń jẹ́ kó fúyẹ́ díẹ̀?" Ó tó. Ẹ̀yin tẹ́ẹ sì fẹ́ lọ gbàdúrà, ẹ gbà á, àmọ́ kẹ́ẹ mú ọmọ dé ọ̀dọ̀ dókítà náà, ìkan ò ní kí ìkejì má wáyé.

Òbí tó ń gbé e ńkọ́? Lọ́dún 2024, dókítà àgbà ìjọba Amẹ́ríkà gbé ìkìlọ̀ kan jáde lórí òbí nìkan, níbi tó ti sọ pé ìdá 48 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn òbí ló ń sọ pé lọ́pọ̀ ọjọ́, wàhálà bo àwọn mọ́lẹ̀ pátápátá, tó bá jẹ́ àwọn àgbàlagbà míì, ìdá 26 ni. Àwọn èèyàn yẹn la tún ń gbé ọmọ tí ọkàn ẹ̀ wúwo lé lọ́wọ́. Ìyá tí kò sùn torí pé ó ń lọ tẹ́tí sí ẹnu ọ̀nà yàrá ọmọ lóru, tó máa jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tó tún ń gbọ́ lẹ́nu ẹbí pé òun ló kẹ́ ọmọ bà jẹ́. Ìrànlọ́wọ́ tí iléèwé bá ṣe fún ọmọ tí kò fi ojú kan ìyá yẹn, ààbọ̀ ìrànlọ́wọ́ ni. Kí kánsẹ́lọ̀ bi í pé ẹ̀yin náà ńkọ́, ta lẹ̀ ń bá sọ ọ́, kí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ òbí míì tó ti gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ọmọ tó kù nílé náà ń wò, wọ́n ń bẹ̀rù láti dá wàhálà kún ti ilẹ̀, wọ́n á di ọmọ dáadáa tí kì í béèrè nǹkan kan. Ẹ má gbàgbé wọn.

Tí ọmọ bá sọ pé òun ò fẹ́ wà láyé mọ́

Tó bá ti sọ pé ó ti sú òun, tó ń há nǹkan tó fẹ́ràn fáwọn èèyàn, tó ń sọ̀rọ̀ bíi ẹni tó ń dágbére, ẹ bi í léèrè tààrà. "Ṣé o ti ń rò ó pé kó o pa ara ẹ?" Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé béèyàn bá béèrè, ó máa gbìn ín sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ti ṣèwádìí ẹ̀, ìbéèrè yẹn kì í fà á, ó máa ń jẹ́ kí ara tu ọmọ ni pé ẹnì kan lè gbọ́ ọ láìsá. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn àti ohunkóhun tó lè fi ṣe ara ẹ̀ léṣe kúrò nítòsí kẹ́ẹ sì ti àwọn nǹkan yẹn mọ́ ibì kan, kẹ́ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì tàbí kẹ́ẹ gbé e lọ ọsibítù tó sún mọ́ yín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ tí dókítà dá. Amẹ́ríkà ní nọ́ńbà 988 fẹ́ni tó bá ń rò ó láti pa ara ẹ̀ láti oṣù keje ọdún 2022, Bìrìtìkó ní nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n ń pè ní Childline fáwọn ọmọdé láti ọdún 1986, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè míì ló ní tiwọn. Ẹ wá ti ibi tẹ́ẹ wà lónìí, kẹ́ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú fóònù yín àti ti ọmọ, nígbà tí ara gbogbo èèyàn balẹ̀.

Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí máa ń bá ọmọ kọ ìwé pélébé kan: kí ni mo máa ń kọ́kọ́ rí tí nǹkan bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí ni mo lè ṣe fúnra mi, ta ni mo lè lọ jókòó tì láìsọ nǹkan kan, ta ni mo máa pè. Ìwé yẹn, ẹ̀dà kan nílé, ẹ̀dà kan lọ́wọ́ ẹnì kan ní iléèwé.

Èyí tí mo fẹ́ fi kún un, tí mo rí i pé wọn kì í sábà rántí, ni ọjọ́ tí ọmọ máa padà sí iléèwé lẹ́yìn tó ti wà nílé tàbí ní ọsibítù fún ìgbà díẹ̀. Bó bá ṣe pẹ́ nílé tó ni ìpadà yẹn á ṣe le tó, torí náà kò dáa ká sọ pé kó sinmi títí. Àmọ́ kò dáa náà kí wọ́n jù ú sínú ọjọ́ kíkún pẹ̀lú ìwé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó ń dúró dè é. Ó lè jẹ́ ẹ̀kọ́ méjì lọ́jọ́ kìíní, ààbọ̀ ọjọ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Kí wọ́n jókòó ṣáájú, òbí, ọmọ, kánsẹ́lọ̀, kí ọmọ fẹnu ara ẹ̀ sọ ohun tó fẹ́ kí wọ́n sọ fún kíláàsì, bó bá jẹ́ "ara mi ò yá" ló fẹ́, kó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n fún un ní ibi tó lè lọ jókòó sí tí àyà bá ń já a, láìjẹ́ pé ó máa nawọ́ sókè kó tó gba àyè. Kí wọ́n sì ti mọ̀ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ta ló máa dúró dè é ní géètì.